Awọ àti Àwọ̀: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Bó Ojú Tí Oòrùn Ti Bà Jẹ́

Bí ẹnì kan bá kọ "itoju awo" sára pátákó ilé ìṣoge rẹ̀ láìfi àmì kankan sí i, ọ̀rọ̀ méjì ló kọ pọ̀. Awọ ni ohun tó bo ẹran ara wa láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọ̀ ni ohun tí ojú ń rí lára awọ náà: pupa, dúdú, tàbí èyí tó wà láàárín. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi rí mọ̀ pé n kì í fi ọ̀rọ̀ àmì ohùn ṣeré. Nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí, àmì ohùn méjì yẹn ni ààlà tó wà láàárín ìwòsàn àti àpá.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ń bi mí pé kí ni ká máa pe chemical peel ní Yorùbá. Ìdáhùn mi kúrú: bíbó ojú ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. A ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ń bó èèpo igi. Bí omi gbígbóná bá sì dà sí èèyàn lára, ibẹ̀ á bó. Ṣùgbọ́n wàhálà wà nínú ìdáhùn kúkúrú yẹn, nítorí pé ẹni tó ń fi ìpara sọ ara dúdú di pupa, òun náà la ń sọ pé ó ń bóra. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, iṣẹ́ méjì. Ọ̀kan ń wá awọ tuntun, èkejì ń wá àwọ̀ tuntun. Ẹ jẹ́ ká tọ ìtàn lọ, ká wo ibi tí méjèèjì ti pàdé àti ẹni tó jìyà rẹ̀.

Ọgbẹ́ tó ní ìwọ̀n

Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí ni ohun kan tí àwọn olóólà mọ̀ dáadáa: bí a bá dá ọgbẹ́ sí awọ lára, awọ á wo ara rẹ̀ sàn, a sì lè darí bí yóò ṣe jinná. Olóólà tó ń kọ àbàjà tàbí pélé mọ ibi tó yẹ kí abẹ dé. Bí kò bá jìn tó, ilà á parẹ́. Bó bá jìn jù, ojú bàjẹ́ nìyẹn. Àpá tó dúró ni olóólà ń wá. Ẹni tó ń bó ojú lónìí ń wá òdìkejì rẹ̀, ó fẹ́ kí ọgbẹ́ jinná láìsí àpá. Síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì ń dáhùn: báwo ló ṣe yẹ kó jìn tó?

Awọ ní ìpele. Èyí tó wà lókè tinrín bíi bébà, ó sì máa ń kú, á ṣí kúrò fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tuntun á sì rọ́pò rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní collagen wà, tí wọ́n di awọ mú bí òwú ṣe di aṣọ mú. Bí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́, okùn wọ̀nyí á máa dín kù. Oòrùn sì ń já wọn kí àsìkò wọn tó pé. Ìyẹn ló ń mú kí ojú hunjọ. Bí ásíìdì tàbí iná bá dé ibi tó yẹ kó dé, ara á ṣe collagen tuntun bó ṣe ń wo ara rẹ̀ sàn. Bó bá kọjá ibẹ̀, àpá ló kù. Kò sí idán mìíràn nínú iṣẹ́ náà, bó ti wù kí wọ́n gbowó tó.

Dókítà ìlú atukọ̀

Èèyàn ti ń lo ásíìdì fún ojú tipẹ́tipẹ́ láìmọ̀ pé ásíìdì ni. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù, sọ pé Poppaea, ìyàwó Nero, a máa kó 500 abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kiri kó lè máa fi wàrà wọn wẹ̀. Wàrà tó bá kan ní lactic acid nínú, ásíìdì tí àwọn ilé ìtọ́jú awọ ṣì ń lò títí dòní. Pliny tún sọ ohun tí àwọn èèyàn ìgbà náà gbà gbọ́: pé wàrà yìí ń mú ojú tó hunjọ jọ̀lọ̀, ó sì ń mú un funfun. Ṣé ẹ rí i? Láti ìgbà náà ni wọ́n ti so awọ pọ̀ mọ́ àwọ̀.

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí oòrùn ń ṣe. Ní 1801, ní ìlú Jena ní Jámánì, Johann Ritter ṣàkíyèsí pé bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá pín sí àwọ̀ òṣùmàrè, nǹkan kan wà ní ẹ̀yìn àwọ̀ àlùkò tí ojú kò rí, tó ń sọ iyọ̀ fàdákà di dúdú kíákíá ju gbogbo àwọ̀ yòókù lọ. Ohun náà la mọ̀ sí ultraviolet lónìí.

Ọkùnrin tó so oòrùn àti bíbó ojú pọ̀ nínú iṣẹ́ ayé rẹ̀ ni Paul Gerson Unna, dókítà awọ ní Hamburg. Ní 1882, ó ṣàlàyé bí salicylic acid, resorcinol, phenol àti trichloroacetic acid ṣe ń ṣiṣẹ́ lára awọ. Mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí ṣì jẹ́ òpó iṣẹ́ náà. Hamburg sì jẹ́ ìlú èbúté tó kún fún atukọ̀. Nínú ìwé ńlá tó tẹ̀ jáde ní 1894, Unna ṣàpèjúwe ohun tó pè ní awọ atukọ̀: awọ ojú àti ẹ̀yìn ọwọ́ àwọn tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lójú òkun, tó ti le, tó ti kún fún àbàwọ́n, tí jẹjẹrẹ sì ń hù lára rẹ̀. Ibi tí aṣọ bò kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló ń gbó awọ.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbí. Àwọn atukọ̀ tí Unna yẹ̀ wò, aláwọ̀ funfun ni wọ́n. N kò dá a lẹ́bi, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ló wò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìwọ̀n tí gbogbo iṣẹ́ náà ń lò ti ní àwọ̀ tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde.

Iṣẹ́ awo

Phenol wà lára àwọn ásíìdì tí Unna dárúkọ. Òun ni Joseph Lister lò láti pa kòkòrò àrùn lójú ọgbẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́ jáde ní 1867. Bí a bá fi í pa awọ lójú, á kọ́kọ́ di funfun, á wú, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á bó, awọ tuntun á yọ.

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tó kọjá, ní California àti Florida, àwọn tí kì í ṣe dókítà ló di ògbóǹtarìgì nínú rẹ̀. Àwọn òṣèré sinimá tí ojú wọn ni oúnjẹ wọn ń lọ bá wọn. Olúkúlùkù ní àpòpọ̀ tirẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀, bí àwọn babaláwo kan ṣe ń fi ewé wọn pamọ́. Àwọn dókítà ń bú wọn, síbẹ̀ ọwọ́ wọn ni àwọn dókítà kan ti gba ìmọ̀ náà. Ní 1961, Thomas Baker àti Howard Gordon ní Miami tẹ àpòpọ̀ tiwọn jáde fún gbogbo ayé: phenol, omi, ọṣẹ olómi, àti ẹ̀kán díẹ̀ nínú òróró croton, tí wọ́n ń fún láti inú èso igi kan ní Éṣíà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà pé phenol ló ń ṣiṣẹ́, òróró náà kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ọdún 2000 ni Gregory Hetter tó fi hàn pé òróró croton gan-an ló ń pinnu bí ọgbẹ́ ṣe ń jìn tó. Nǹkan bí ogójì ọdún ni wọ́n fi ń bó ojú èèyàn pẹ̀lú àpòpọ̀ tí wọn ò tíì mọ èyí tó jẹ́ abẹ nínú rẹ̀.

Phenol ní ewu méjì. Àkọ́kọ́, ó ń gba inú awọ wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè da lílù ọkàn rú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín ojú sí apá apá, tí wọ́n ń dúró láàárín èyí kan àti èkejì, tí ẹ̀rọ sì ń ṣọ́ ọkàn aláìsàn. Èkejì, ó máa ń mú àwọ̀ lọ. Ojú tí wọ́n fi àpòpọ̀ Baker àti Gordon bó lè funfun ju ọrùn lọ títí láé. Aláwọ̀ funfun lè fi àtíkè bo ààlà náà. Lára ẹni dúdú, ńṣe ló máa dà bí ẹni tó wọ ẹ̀kú tó mọ sí ojú nìkan. Nítorí èyí, àwọn dókítà tó mọṣẹ́ kì í fi phenol jíjìn bó ojú ẹni dúdú.

Awọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n

Oògùn tó yí iṣẹ́ yìí padà jù lọ kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń bó ojú ní ọjọ́ kan. Tretinoin ni, ọmọ vitamin A, tí èèyàn ń fi pa ojú díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́. Albert Kligman, ọ̀jọ̀gbọ́n ní University of Pennsylvania, ló gbé e jáde fún irorẹ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní 1971. Àwọn obìnrin tó ti dàgbà tí wọ́n ń lò ó wá ń sọ pé ojú wọn tó hunjọ ń jọ̀lọ̀. Ní 1986, Kligman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé jáde pé lóòótọ́ ni ó ń tún awọ tí oòrùn ti bà jẹ́ ṣe. Ní 1995, wọ́n fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan fún ojú híhunjọ. Títí dòní, ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìpara olówó gọbọi lọ.

Ibo ni Kligman ti ń dán oògùn wò? Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Holmesburg ní Philadelphia ni, láti 1951 sí 1974. Oògùn, ìpara, àti àwọn nǹkan tó le ju ìpara lọ, ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ti dán wọn wò, tretinoin sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà jẹ́ ènìyàn dúdú. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń fún wọn, wọn kò sì ṣàlàyé ewu fún wọn bó ṣe yẹ. Kligman fúnra rẹ̀ sọ fún oníròyìn pé nígbà tí òun kọ́kọ́ wọlé síbẹ̀, awọ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ni òun rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Allen Hornblum fi ṣe àkọlé ìwé tó kọ nípa rẹ̀ ní 1998, *Acres of Skin*. Ní 2021 ni ilé ìwòsàn yunifásítì náà tọrọ àforíjì. Ìlú Philadelphia tọrọ tirẹ̀ ní 2022. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ ti kú.

N kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè da oògùn náà nù. Oògùn náà dára. Mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ń wá awọ tí wọ́n máa dán nǹkan wò lára rẹ̀, wọ́n rí awọ dúdú. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń lọ sí orí tó kàn.

Tábìlì tí a kò sí nínú rẹ̀

Ní 1975, Thomas Fitzpatrick ní Harvard ń wá bí òun ṣe lè mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kí òun fi tọ́jú àìsàn awọ láìjẹ́ pé ó jó aláìsàn. Ó pín àwọn èèyàn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin nípa ìbéèrè kan: bí o bá jókòó sínú oòrùn, ṣé ara rẹ máa ń jó ni, àbí ó máa ń ṣú? Ọ̀wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, aláwọ̀ funfun ni wọ́n wà fún. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n fi ìkarùn-ún àti ìkẹfà kún un fún aláwọ̀ ilẹ̀ àti aláwọ̀ dúdú. Tábìlì yìí ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ awọ káàkiri ayé ń lò láti pinnu agbára ásíìdì àti iná. Àwọn funfun gba yàrá mẹ́rin. Àwa, láti ẹni tó pupa díẹ̀ dé ẹni tó dúdú bí kóró iṣin, ń há ara wa mọ́ àfikún.

Ọ̀rọ̀ náà wá le sí i nígbà tí lésà dé. Theodore Maiman ló tan lésà àkọ́kọ́ ní 1960. Ní 1983, Rox Anderson àti John Parrish ṣàlàyé pé bí a bá yan irú ìmọ́lẹ̀ tí ohun kan pàtó nínú awọ máa ń gbé mì, a lè jó ohun náà láìjó ohun tó yí i ká. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n melanin, ohun tó fún wa ní àwọ̀ dúdú, a máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì ju ohun gbogbo lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n rán sí àbàwọ́n á kọ́kọ́ bá àwọ̀ wa pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ló sì máa jó. Lésà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gùn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG, ń kọjá lára melanin ju àwọn yòókù lọ, òun ni àwọn tó mọṣẹ́ ń lò fún wa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.

Oòrùn tiwa

Ṣé oòrùn ń ba awọ dúdú jẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. Ní 1979, àwọn olùwádìí tí Kligman wà lára wọn wọn bí ìpele òkè awọ ṣe ń dènà oòrùn. Ti ènìyàn dúdú ń dènà rẹ̀ ní ìlọ́po bí 13, ti aláwọ̀ funfun ní ìlọ́po bí 3. Nítorí náà, ojú tiwa máa ń pẹ́ kó tó hunjọ. Ohun tí oòrùn ń kọ sójú wa ni àbàwọ́n, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí ṣú ju ibi yòókù lọ. Ọgbẹ́ èyíkéyìí tún máa ń fi àmì dúdú sílẹ̀ tó lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ wá wò ó: ẹni tó lọ fi ásíìdì líle bó àbàwọ́n kúrò lè fi èyí tó tóbi jù ú lọ ṣe èrè jẹ.

Àwọn tí oòrùn ń ṣe léṣe gan-an láàárín wa ni àwọn àfín, ẹni òrìṣà. Melanin kò tó lára wọn, oòrùn wa kò sì mọ ìyẹn. Awọ wọn ń gbó láti kékeré, jẹjẹrẹ awọ sì ń pa wọn. Fún wọn, fìlà fífẹ̀, aṣọ alápá gígùn àti ìpara tó ń dènà oòrùn kì í ṣe oge rárá. Ẹ̀mí ni.

Ibi tí awọ àti àwọ̀ ti pàdé jù lọ ni hydroquinone. Ní 1939, wọ́n kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ awọ ẹran kan ní Amẹ́ríkà tí ọwọ́ wọn ń di funfun. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ ló ní ìbátan hydroquinone nínú. Lẹ́yìn náà, hydroquinone fúnra rẹ̀ di ìpara. Dókítà awọ ṣì ń fún aláìsàn ní díẹ̀, fún oṣù díẹ̀, lójú àbàwọ́n nìkan. Àwọn tó ń bóra kò lò ó bẹ́ẹ̀. Ní 1975, Findlay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní South Africa ṣàpèjúwe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó fi ń pa ojú fún ọ̀pọ̀ ọdún: ojú wọn le, ó di dúdú bí ẹ̀lú, gẹ́lẹ́ níbi tí oòrùn ń pa. Ní 1990, ìjọba ibẹ̀ ṣòfin tó fi lé hydroquinone kúrò nínú ìpara oge. Àwọ̀ ni ìpara náà ṣèlérí, awọ ló gbà lọ.

Ìbéèrè mẹ́rin

N kì í ṣe dókítà, ẹ ò sì ní gba ìtọ́jú lọ́wọ́ onímọ̀ èdè. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kọ́ wa ní ìbéèrè tó yẹ ká bi ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ojú wa. Kí ni orúkọ ohun tí o fẹ́ fi sójú mi? Báwo ló ṣe lágbára tó, ìpele wo ló sì máa dé? Ṣé o ti ṣe é fún ẹni tó ní àwọ̀ bíi tèmi, ṣé o sì máa kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn etí mi? Oṣù mélòó ni mo máa fi sá fún oòrùn lẹ́yìn rẹ̀? Bí ẹni náà bá ní àṣírí iṣẹ́ ni, ẹ dìde. A ti rí ohun tí iṣẹ́ awo ṣe fún ogójì ọdún.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí ẹ béèrè, àbá mi nìyí. Ẹ jẹ́ ká pe iṣẹ́ dókítà ní awọ bíbó, ká sì pe ti àwọn tó ń wá ara pupa ní àwọ̀ yíyí. Kí olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń kọ pátákó pẹ̀lú: kí wọ́n fi àmì sí i, kí oníbàárà lè mọ èyí tó fẹ́ fowó rà kó tó wọlé.